Omi Ló Gbẹ́ Kòtò, Omi Náà Ló Dí I

Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí ìdérí ike pupa kan kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń dé ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Mi ò tiẹ̀ mú un wálé. Inú kòtò kan tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń gbẹ́ láàárín odò gbígbẹ ní Namibia ni mo ti rí i. Mo fi àtàǹpàkò nu yanrìn ojú rẹ̀, mo wò ó síwá sẹ́yìn, mo sì gbé e fún dírébà wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dijú báyìí, òun ni mo máa ń rí. Bó bá sì ti kúrò lójú mi, bàbá bírìkìlà kan ni yóò gba ipò rẹ̀, bàbá tí mo pè ní olè níṣojú gbogbo lébírà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Kàǹtírátọ̀ ilé ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe é. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ra yanrìn. Bí tìpà bá já a sílẹ̀, mi ò ní bá dírébà sọ̀rọ̀ owó àfi tí mo bá kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí n fi ra ọwọ́, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Nígbà tí kò bá dá mi lójú, màá bù ú sínú ìgò, màá da omi lé e, màá mì í jìgìjìgì, màá gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á jókòó lé e lórí. Bí amọ̀ ọ̀hún bá ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, kí dírébà máa gbé ẹrù rẹ̀ padà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní mi ò mọ yanrìn, ìjà ló ń wá. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìdérí yìí ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Odò tó fomi pa mọ́

Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Walvis Bay, ìlú èbúté kan létí òkun Àtìláńtíìkì. Ó bímọ, mo lọ kí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí mo ti ń gbọ́mọ tí mo sì ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò lè wá sí Namibia kẹ́ ẹ máa wo bọ́ọ̀lù. Ẹ lọ wo odò Kuiseb.”

Mo bi í pé ṣé omi wà nínú odò ọ̀hún lásìkò yìí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Omi tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀, inú ẹ̀ ló ti wá.”

Òótọ́ ló sọ. Inú ilẹ̀ odò Kuiseb ni wọ́n gbẹ́ àwọn kànga sí tí wọ́n fi ń fa omi fún Walvis Bay. Ojú ló gbẹ, inú kò gbẹ. Àárín wóró yanrìn kan sí èkejì ni omi sá pa mọ́ sí, níbi tí oòrùn ò ti lè fà á.

Dírébà tó gbé mi lọ ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọmọ ẹ̀yà Topnaar ni, àwọn tó ti ń gbé etí odò náà láti ayé àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n ń sin ewúrẹ́, tí wọ́n sì ń ká èso !nara, ẹlẹ́gùn-ún kan tó fara jọ bàrà tó ń hù lórí òkìtì yanrìn. A rin ohun tó lé ní 100 kìlómítà lójú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kí a tó dé agbègbè Gobabeb, níbi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ṣèwádìí aginjù láti 1962. Èèyàn kan ò sí lọ́nà, ẹran kan ò sí lọ́nà. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orin ló ń sú.

Ẹ wo orí obìnrin tí onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà là láàárín, tó ti dirun apá kan, tí apá kejì sì wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ ni odò Kuiseb ṣe la aginjù Namib. Ní gúúsù, òkìtì yanrìn lórí òkìtì yanrìn, wọ́n ga, wọ́n pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn. Ní àríwá, pẹ̀tẹ́lẹ̀ olókùúta tó tẹ́ títí dé ibi tí ojú mọ, kò sí òkìtì kan ṣoṣo. Ní àárín, igi tútù tò lọ rẹrẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ni igi tí àwọn Hausa ń pè ní gawo, tí ewúrẹ́ fẹ́ràn èso rẹ̀ bí ẹní fẹ́ràn dòdò.

Afẹ́fẹ́ ìhà gúúsù ló ń ti àwọn òkìtì wọ̀nyí lọ sí àríwá. Bó bá ṣe pé tiwọn ni, wọn ì bá ti bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ ọ̀hún tipẹ́. Odò ni kò gbà. Ẹsẹ̀ òkìtì á máa rọra yọ́ wọ inú odò, díẹ̀díẹ̀, á ti gba apá kan ojú rẹ̀. Òjò á wá rọ̀ lórí òkè Khomas lọ́nà Windhoek, olú ìlú Namibia, ibi tó jìnnà réré, omi á ya wá, á gbá gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀hún lọ. Ọdún mìíràn wà tí omi kò ní wá rárá. Ọdún mìíràn, ọjọ́ bíi mélòó kan péré ni yóò fi ṣàn. Síbẹ̀, bíbọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yẹn ló ń dá òkìtì yanrìn dúró.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń borí. Bí ó ti ń sún mọ́ òkun ni ilẹ̀ ń mu ún, tí agbára rẹ̀ ń tán. Lẹ́bàá Walvis Bay, àwọn òkìtì ti fò ó kọjá, wọ́n ti ń bá tiwọn lọ sí ọ̀nà ìlú Swakopmund ní àríwá. Kì í sáábà dé òkun mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkún omi 1934 dé ibẹ̀. Odò Tsauchab tó wà ní gúúsù rẹ̀ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Òkìtì yanrìn ti dí ojú ọ̀nà rẹ̀ pátápátá, Sossusvlei ló ń parí sí, ilẹ̀ amọ̀ kan láàárín àwọn òkìtì. Ẹ ti rí fọ́tò ibi ìtòsí rẹ̀ kan rí lórí Instagram: ilẹ̀ funfun gbòò, igi dúdú tó ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí kò tíì wó, òkìtì pupa lẹ́yìn wọn. Deadvlei ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn ń lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó níbẹ̀. Ojú odò tí yanrìn pa ni wọ́n dúró sí.

Ojú kàǹtírátọ̀

Ẹ má bínú sí mi, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo ti sọ̀kalẹ̀ sínú odò ni owó. Yanrìn tó fẹ̀ tó báyìí, tó mọ́ tó báyìí, kò sí tìpà kan níbẹ̀! Mo ti ń ṣírò rẹ̀ lórí kí n tó rántí pé ọgbà ìjọba ni ibi tí mo wà.

Mo bu ti òkìtì wò. Ó ń yọ̀ lọ láàárín ìka bí ọkà bàbà tí wọ́n ti fẹ́. Afẹ́fẹ́ ti yí gbogbo wóró rẹ̀ kiri títí igun ara wọn fi tán, wọ́n rí roboto, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Irú rẹ̀ kì í gbá ara mú nínú kọnkéré. Mo bu ti inú odò. Èyí ní igun díẹ̀, ńlá àti kékeré dà pọ̀, ó ń dún ṣáṣá lọ́wọ́. Ó dára. Àṣé ìran kan náà ni apá kan yanrìn odò yìí àti ti òkìtì: odò Orange tó wà ní ẹnu ààlà South Africa ló gbé yanrìn Namib dé òkun, ìgbì òkun ló gbá a gba etíkun wá sókè, kí afẹ́fẹ́ tó kó o wọ inú ilẹ̀. Yanrìn tó ti inú odò jáde, tó la òkun kọjá, tó gun òkìtì, ló tún ń yọ́ padà sínú odò mìíràn lójú mi yìí.

Níbi tí ilẹ̀ odò ti kòtò díẹ̀, amọ̀ ti bo ojú yanrìn. Oòrùn ti sá a títí ó fi la sí wẹ́wẹ́, etí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti ká sókè, gẹ́gẹ́ bí èèpá àmàlà tó gbẹ mọ́ ara ìkòkò ṣe máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bó bá di àárọ̀. Mo mú ẹyọ kan. Kò nípọn ju bisikíìtì lọ. Mo fọwọ́ kan òkè rẹ̀, ó jọ̀lọ̀ bí àtíkè. Mo yí i padà, abẹ́ rẹ̀ ń ha ọwọ́ bí ewé ìpín. Mo fọ́ ọ sí méjì, mo gbé ojú ibi tó ti ṣẹ́ sún mọ́ ojú: láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wóró rẹ̀ ń kéré sí i, ń kéré sí i, títí a ò fi rí wóró mọ́.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún un. Tí omi bá ń rú, ohun gbogbo ló ń gbé káàkiri. Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, èyí tó wúwo jù ló máa kọ́kọ́ jù sílẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kúnná jù lọ ló máa ń balẹ̀ kẹ́yìn, nígbà tí omi bá ti rogún tí kò lọ síwájú kò lọ sẹ́yìn. Ìgò tí mo fi ń dán yanrìn wò ní sáìtì ló wà lọ́wọ́ mi yìí, odò ló mì í.

Amọ̀ yẹn gan-an, wàhálà ló jẹ́ fún àwọn tó ń mu omi abẹ́ yanrìn. Bó bá ti bo ojú odò, ó ń dí àwọn ihò tí omi ìkún tuntun ì bá gbà wọlẹ̀. Ní odò Omaruru, ní àríwá níbẹ̀, wọ́n kọ́ dáàmù Omdel, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti tọ́jú omi sókè fún oòrùn. Wọ́n á dá ìkún omi dúró níbẹ̀ kí amọ̀ rẹ̀ sìlẹ̀. Bó bá ti tòrò, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ lọ sí ibi tí yanrìn ti mọ́ nísàlẹ̀, kí ó wọlẹ̀ lọ. Ohun tí ìyá mi ń fi álọ́ọ̀mù ṣe sí omi òjò nínú dúrọ́ọ̀mù, odindi odò ni wọ́n ń ṣe é sí.

Ìdérí

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan ń gbẹ́ kòtò omi fún ewúrẹ́ wọn, dírébà wa sì mọ bàbá wọn. A dúró kí wọn. Kòtò náà ti bo orúnkún ọ̀kan nínú wọn, ògiri rẹ̀ sì tutù díẹ̀, nítorí náà kò wó. Mo tẹ̀ síwájú wo ara ògiri yẹn, inú mi dùn. Ẹsẹẹsẹ ni gbogbo rẹ̀ wà: yanrìn títóbi, yanrìn kúnnákúnná, òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, ìlà amọ̀ tín-ín-rín kan, yanrìn tún dé. Mo kà á, ó lé ní ogún.

Mo yí sí dírébà, mo sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní ṣé ó rí i, ìlà kọ̀ọ̀kan yìí, ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Mo ní ohun tí àwọn ọmọ yìí ń gbẹ́ yìí, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé Áfíríkà. Bàbá gbọ́ mi tán. Kò fèsì. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣọ́bìrì ń lọ. Kòtò dé itan, ó dé ìbàdí. Nígbà tó dé ìdodo ọmọ yẹn, tí ìlà àti ìlà ṣì ń tẹ̀ léra wọn láìṣẹ́, ohun kan bọ́ jáde lẹ́nu ṣọ́bìrì, ó pọ́n yòò. Ọmọ náà fẹ́ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó gbé e wá.

Ìdérí ike. Lẹ́tà ara rẹ̀ kò tíì ṣí.

Mo wo ìdérí, mo wo ògiri kòtò. Lókè ibi tí ó ti jáde, kò sí ojú ibi tí ẹnikẹ́ni ti gbẹ́ ilẹ̀ rí. Àwọn ìlà náà lọ geere láti etí kan dé èkejì. Bí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá jẹ́ ìdérí ẹlẹ́rìndòdò àná, a jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, ogún ìlà mi, ayé àtijọ́ mi, lẹ́yìn ìdérí ló dé.

Dírébà wá sọ̀rọ̀. Ó ní ìkún omi tó wá kẹ́yìn ló gbé e síbẹ̀. Mo ní ó ṣe lè jẹ́ ìkún omi kan ṣoṣo, mo ní ṣé ilẹ̀ odò yìí jìn tó ìdodo èèyàn báyìí kí omi ọ̀hún tó dé ni? Ó ní rárá. Ó ní ibi tí ilẹ̀ odò wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà báyìí. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. “Omi gbẹ́ ẹ, omi dí i,” ni ohun tó sọ, ó sì padà sídìí ọkọ̀ lọ mu kọfí rẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n sin

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì àbúrò mi títí di aago méjì òru. Àṣé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ nípa odò kan, Luna Leopold, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, William Emmett àti Robert Myrick, fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ odò gbígbẹ nígbà tí omi bá wà nínú rẹ̀. Wíwò kò ṣeé ṣe, nítorí omi ọ̀hún dà bí kọfí tí wọ́n fi wàrà sí, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n kò ní jáde. Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn débi pé ó dun èèyàn pé òun kọ́ ló rò ó. Wọ́n sin ẹ̀wọ̀n irin sínú ilẹ̀ odò lóòró, orí rẹ̀ sì wà ní ìpele ojú ilẹ̀. Bí ìkún omi bá dé, tó gbẹ́ ilẹ̀ wọnú, apá ibi tí ilẹ̀ ti ṣí kúrò lára ẹ̀wọ̀n yóò ṣubú sílẹ̀, yóò dùbúlẹ̀. Bí omi bá lọ tán, wọ́n á wá gbẹ́ ilẹ̀ wá a. Ibi tí ẹ̀wọ̀n ti tẹ̀ ni ibi tí omi gbẹ́ dé. Yanrìn tó wà lórí èyí tó dùbúlẹ̀ ni ohun tí omi fi dí kòtò rẹ̀ padà. Ìwé wọn jáde ní 1966. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ilẹ̀ odò lẹ́yìn ìkún omi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bó ti wà ṣáájú. Ẹ̀wọ̀n tó tẹ̀ nísàlẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Ìdérí pupa yẹn, ẹ̀wọ̀n tèmi nìyẹn.

Kí ló dé tí odò aginjù fi ń gbẹ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Nínú odò tó ń ṣàn lójoojúmọ́, omi ti fọ yanrìn wẹ́wẹ́ ojú ilẹ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́, òkúta tó ṣẹ́kù ti tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n bo ohun tó wà lábẹ́. Odò gbígbẹ kò ní ìpẹ́. Ìkún omi ń wá lójijì, ó ń lọ lójijì, kò sí omi kékeré tó dúró pẹ́ tó láti ṣa òkúta jọ. Gbogbo rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Àwọn onímọ̀ méjì, Jonathan Laronne àti Ian Reid, wọn irú èyí ní Nahal Yatir, ní aginjù Negev ní Ísírẹ́lì. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993 ni pé irú odò bẹ́ẹ̀ lè yí òkúta àti yanrìn lọ tó ìlọ́po 400 ohun tí odò tó ń ṣàn ní gbogbo ìgbà ń yí lọ, bí agbára omi bá dọ́gba. Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tó wá kó mi láyà jẹ jù ni èyí: ohun tí a ń rí lójú odò lẹ́yìn tí omi lọ, iṣẹ́ wákàtí ìkẹyìn ni. Nígbà tí omi wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí inú rẹ̀ ń ru, ó ń gbẹ́, ó ń kó lọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ tán ló wá ń tẹ́ ilẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, tó ń tò ó ní ìlà ní ìlà. Ilẹ̀ títẹ́ pẹrẹsẹ tí mo ń rìn lórí rẹ̀ ní Kuiseb, àárẹ̀ omi ló ń fi hàn mí. Àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀. Ní Homeb, lókè Gobabeb, amọ̀ àtijọ́ kan wà lẹ́bàá odò tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Àwọn kan ní òkìtì yanrìn ló dí odò tí adágún fi wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní rárá, odò fúnra rẹ̀ ló ń kó erùpẹ̀ lé ilẹ̀ rẹ̀ lórí títí ó fi ga. Àwọn kẹta ní ìkún omi ńláńlá ló yà wọ ẹnu àwọn odò kékeré, tó rogún síbẹ̀. Amọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wò o.

“Kòtò dà?”

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo kọ́ fẹ́ǹsì kan létí ojú àgbàrá kan n'Íbàdàn. Kì í ṣe aginjù, mo mọ̀. Òjò tiwa kì í fi ọdún méjì ṣeré. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ojú àgbàrá yẹn gbẹ pátápátá, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Yanrìn ló wà nílẹ̀ rẹ̀, tí kò ní ìpẹ́ kankan lórí. Bí òjò bá rọ̀ lókè, kì í tó wákàtí kan tó fi ń kún. Ìlú tó mọ ohun tí Ògùnpa ṣe ní 1980 kò yẹ kó fojú di irú rẹ̀, àgbàrá òjò ò sì lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un.

Bàbá bírìkìlà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nígbà náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ tí a gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó dúró sí etí rẹ̀, ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká fi kọ́ọ̀sì méjì kún un nísàlẹ̀,” ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù méjì. Mo wo ilẹ̀ odò, ìpìlẹ̀ wa ti kọjá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Mo wo owó tó kù lọ́wọ́ mi. Mo ní ó ti tó.

Òjò àárín òru kan rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ilẹ̀ mọ́, fẹ́ǹsì ti dojú bolẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti bá omi lọ. Onílé ń pariwo lórí fóònù. Mo sáré débẹ̀, omi ti fà. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni àmì ọ̀dà tí mo ti fi sára afárá ẹnìkejì onílé láti fi mọ ìpele ilẹ̀ odò. Ibi tí ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Yanrìn tuntun tẹ́ síbẹ̀ rẹrẹ, ó mọ́, ó ń dán.

Bàbá ní omi ló jẹ ìpìlẹ̀ nídìí.

Mo ní, “Omi wo? Kòtò dà?”

Ó wo ilẹ̀. Kò sí kòtò. Ó tún ní omi ni. Mo ní bí omi bá gbẹ́ ilẹ̀, à á rí ibi tó gbẹ́. Mo ní símẹ́ńtì tó ń lọ sílé tà ló wó fẹ́ǹsì yìí. Mo sọ ọ́ lójú àwọn lébírà tí ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà, mo tún sọ ọ́ fún àwọn kàǹtírátọ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń pè é síṣẹ́. Ẹyin lohùn. Mo já a mọ́ ilẹ̀ ní ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ ò rí i pé mi ò purọ́? Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ. Ó tilẹ̀ ní ẹ̀rí, àmì ọ̀dà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ní Walvis Bay: ìwọ̀n mi pé, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé àárọ̀ ni mo wọ̀n ọ́n.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo mú lébírà méjì lọ síbi fẹ́ǹsì yẹn. Onílé tuntun ló wà níbẹ̀ báyìí, ó sì rò pé orí mi ti dàrú. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ inú ojú àgbàrá, ní iwájú ibi tí fẹ́ǹsì wà gan-an. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn rẹ̀ bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan. Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀, ṣọ́bìrì kọlu nǹkan líle. Ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù ni, pẹ̀lú plásítà wa lára rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí àwọ̀ ewé tí onílé ní ká kùn ún burú débi pé kò sí ibòmíràn tí mo ti rí irú rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀ odò. Búlọ́ọ̀kù wa wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i nísàlẹ̀ ìyẹn, yanrìn tó mọ́ tónítóní sì bò ó. Mo gba òòlù lọ́wọ́ lébírà, mo lù ú. Ó dún bí agogo. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó là, inú rẹ̀ sì dúdú, ó ki. Símẹ́ńtì pé nínú rẹ̀.

Mo gbé ìlàjì rẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀, mo wá ilé bàbá lọ. Ó ń fi ìṣó kan bẹ́ǹṣì tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi. Nígbà tó yá, ó ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èyí tó ń kàn. Mo dúró. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ ibi tí mo ti hú u. Mo sọ ti Kuiseb, mo sọ ti ìdérí pupa, mo sọ ti ẹ̀wọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ìṣó wà láàárín ètè rẹ̀.

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. “Báwo ló ṣe jìn tó lọ́hùn-ún?”

“Ó dé ìdodo, Bàbá.”

Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ìdodo ara rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Bàbá ga jù mí lọ dáadáa. “Ìdodo ta ni? Tiyín àbí tèmi?”

Mo ní ti ọmọ tó ń gbẹ́ kòtò ni, ó tó bàbá ní gíga. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì.

“A jẹ́ pé kọ́ọ̀sì méjì kò ní tó,” ó ní.

“Kò ní tó, Bàbá.”

Ó jókòó padà, ó gbé ìṣó lé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó ní kí n bá òun di apá kejì mú.